Ṣé François Jeanneau Yẹ Ohùn Ni?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú ọ̀wọ́n, mo gbọ́ pé François Jeanneau, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ń fọn sáksófóònù, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé orin jáàsì tí kò tẹ̀lé òfin kankan jáde nílẹ̀ wọn ní 1965. Báwo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe wá di olórí ẹgbẹ́ olórin ìjọba? Ṣé kò yẹ ohùn ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Èmi kò gbà pé ó yẹ ohùn. Lóòótọ́, Jeanneau, tí wọ́n bí ní 1935, bá François Tusques tó ń tẹ dùùrù ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù tí ẹ ń sọ yẹn, Michel Portal àti Bernard Vitet, àwọn olórin jáàsì ilẹ̀ Faransé, náà sì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó bá ẹgbẹ́ Triangle ṣeré rọ́ọ̀kì. Nígbà tó ṣe, ó dá ẹgbẹ́ ńlá tirẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní Pandémonium.

Inú iṣẹ́ títo orin ni mo ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè yín. Ẹni tó ń to orin fún ẹgbẹ́ ńlá ló ń pinnu fèrè tí yóò gbé orin, èyí tí yóò gbè é, àti ibi tí gbogbo wọn yóò ti dákẹ́ kí ẹnì kan lè dìde fọn ohun tó bá wá sí i lọ́kàn. Ẹni tó ti fọn fèrè láìsí ìwé níwájú rẹ̀ ló mọ bí àyè yẹn ti gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó, ohun tí mo sì fẹ́ràn jù lọ nínú iṣẹ́ Jeanneau nìyẹn.

Ẹgbẹ́ olórin ìjọba náà, Orchestre National de Jazz, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1986, kì í ní olórí títí ayé. Ọdún kan péré ni Jeanneau lò kí Antoine Hervé tó gbà á, olórí kọ̀ọ̀kan ló sì ń mú orin tirẹ̀ wá, nítorí náà kò sí ohùn ìjọba kankan tí wọ́n fi dè é. Ní 1991, òun ló dá ẹ̀ka jáàsì sílẹ̀ ní Conservatoire ti Paris, ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ orin.

Bí ẹ bá fẹ́ fi etí ara yín ṣèdájọ́, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ orin tí òun, Daniel Humair onílù àti Henri Texier tó ń ta gìtá ńlá olóhùn ìsàlẹ̀ (báàsì) jọ ṣe, àwọn mẹ́ta péré, kí ẹ tó gbọ́ ti ẹgbẹ́ ńlá ọdún 1986.