Riser oní-wáyà USB nínú kọ̀ǹpútà kékeré: ẹ má ṣe é

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo fọwọ́ ara mi to kọ̀ǹpútà kékeré kan jọ sórí mọ́dábọ́ọ̀dù mini-ITX, irú tó kéré. Wàhálà ibẹ̀ ni pé GPU mi, ìyẹn káàdì àwòrán, ò gba ibi tí ihò rẹ̀ wà, àfi kí n gbé e sí apá kejì àpótí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lo riser (ohun tó ń so GPU tó jìnnà mọ́ ihò rẹ̀), irú èyí tí àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà wa owó kírípítò ń lò, èyí tó ní wáyà USB aláwọ̀ búlúù, kí n fi orí SATA, ìyẹn orí wáyà tó ń fún hard disk níná, fún un níná. Ó ní kò yàtọ̀ sí kéèyàn fi extension fa iná. Power supply mi, èyí tó ń pín iná fún gbogbo inú kọ̀ǹpútà, jẹ́ wáàtì 450. Ṣé ó máa gbé e, àbí kí n ra 750?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì náwó lé power supply kankan. Ẹ ò tiẹ̀ sọ irú GPU tó wà lọ́wọ́ yín, láìsí ìyẹn kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá 450 tó. Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín ló yẹ ká kọjú sí, torí ó ti sú mi: ẹni tó ń tajà ń sọ ọ́, ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ń sọ ọ́, pé “extension lásán ni”. Irọ́ ni.

Ihò PCIe x16 orí mọ́dábọ́ọ̀dù yín, ìyẹn ihò tí GPU ń wọ̀, ní ọ̀nà 16 tí dátà ń gbà kọjá. Riser tí wọ́n júwe fún yín, ẹyọ ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń lò. Ní PCIe 3.0 (ẹ̀dà kẹta PCIe), ọ̀nà kan ń gbé nǹkan bíi gígábáìtì 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 16 ń gbé bíi 16. Èyí ò dí àwọn tó ń wa kírípítò lọ́wọ́, torí inú GPU níbẹ̀ ni ìṣirò ti ń lọ, díẹ̀ ló ń gba orí wáyà kọjá. Géèmù ò rí bẹ́ẹ̀. Àwòrán á jáde lóòótọ́, ẹ ó sì rò pé ó ti bọ́ sí i, títí eré á fi bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ẹ tún gbọ́ o: wáyà yẹn kì í ṣe USB, wọ́n kàn yá wáyà rẹ̀ lò ni. Ẹ má ṣe kì í bọ ojú USB gidi láéláé.

Kí géèmù máa há, ìyẹn ò pa ẹnikẹ́ni lára. Iná ni mo ń bẹ̀rù.

GPU lè fa tó wáàtì 75 láti inú ihò PCIe nìkan, yàtọ̀ sí èyí tó ń gbà láti orí wáyà tirẹ̀. Nínú 75 yìí, nǹkan bíi 66 lè gba ojú fóltì 12 wọlé, ìyẹn áḿpù 5.5. Orí SATA ńkọ́? Irin mẹ́ta péré ló ní fún fóltì 12, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò sì gbọdọ̀ gbé ju áḿpù 1.5 lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀: áḿpù 4.5, wáàtì 54. Hard disk àti SSD ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò ní sí nǹkan kan, ìdí nìyẹn táwọn kan fi ń búra pé tiwọn ò jóná. Èyí tí wọ́n gbé wá bá mi kẹ́yìn, orí SATA ọ̀hún ti lẹ̀ pinpin mọ́ riser, kò ṣeé fà yọ. Etí ike rẹ̀ ti yọ́, ojú irin fóltì 12 sì ti dúdú. Power supply rẹ̀ ò pa ara rẹ̀, torí iye iná tó ń jáde lápapọ̀ ló ń ṣọ́, kò mọ̀ pé orí wáyà kan ń yọ́ lọ. Ẹ wá rí i pé 750 ò ní gbà yín níbẹ̀. Àfi kó túbọ̀ rí iná tì síbẹ̀.

Riser pẹlẹbẹ tó jẹ́ x16 lórí méjèèjì ni kí ẹ lò. Wáàtì 75 yẹn á gba inú mọ́dábọ́ọ̀dù, wáyà PCIe láti ara power supply á sì lọ tààrà sí GPU: orí onípíìnì 6 ń gbé 75, onípíìnì 8 ń gbé 150. Ẹ ra èyí tó kúrú àmọ́ tó máa dé ibẹ̀, ẹ má ṣẹ́ ẹ po.

Tí ojú kọ̀ǹpútà bá ṣókùnkùn lẹ́yìn tí ẹ bá so ó, ẹ má tíì dá GPU lẹ́bi. Bóyá PCIe 3.0 ni wọ́n ṣe riser fún, tí mọ́dábọ́ọ̀dù àti GPU sì fẹ́ sáré 4.0, tó yá jù ú lọ ní ìlọ́po méjì. Ẹ wọ BIOS (ojú ìṣètò tó ń jáde kí kọ̀ǹpútà tó tàn tán), ẹ fi ihò náà sí Gen3, ìyẹn 3.0. Ó dáa kí ẹ ṣe èyí kí ẹ tó so riser, nígbà tí ẹ ṣì ń rí ojú kọ̀ǹpútà. Lọ́pọ̀ géèmù, ẹ lè má mọ ìyàtọ̀ rẹ̀.

Bí kò bá sáàyè rárá, OCuLink (wáyà tó ń gbé PCIe jáde síta) láti ojú M.2 (ihò tí SSD kékeré ń wọ̀) wà, ọ̀nà 4 ló ní, GPU á wà níta pẹ̀lú power supply tirẹ̀. Ẹ pa gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó so ó tàbí kí ẹ tó tú u.

Mi ò fojú rí kọ̀ǹpútà yín o, ẹ wo ìwé tó bá power supply yín wá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti so orí SATA yẹn, ẹ yọ iná lára ògiri báyìí, kí ẹ sì tú u. Lẹ́yìn náà, ẹ fi orúkọ GPU yín àti ìwọ̀n inú àpótí ránṣẹ́ sí mi, ká wá sọ̀rọ̀ wáàtì 450.