Ṣé "ẹni a bá lábà ni baba" bá Ayinde Barrister mu?

Àbúrò kan ló bi mí. Níbi àríyá kan, wọ́n ń jiyàn lórí Sikiru Ayinde Barrister. Àwọn kan ní òun ni baba fújì, wọ́n sì fi òwe "ẹni a bá lábà ni baba" gbè é lẹ́sẹ̀. Àwọn yòókù ní wéré, orin àwọn Mùsùlùmí nígbà àwẹ̀, ti wà kó tó dé, pé oyè olóyè ni wọ́n gbé fún un. Kí ni òwe náà ń sọ gan-an, ṣé oyè ọ̀hún sì tọ́ sí i?

Ó tọ́ sí i. Òwe yẹn ni kò yẹ kí wọ́n fi gbè é.

Àbà ni ibùdó àgbẹ̀ lóko, ahéré mélòó kan tó jìnnà sílé. Bó ti wù kó o lóyè tó nígboro, tó o bá dé àbà, ẹni tó o bá níbẹ̀ ni wàá bi léèrè ibi tí omi wà, ibi tí wọ́n dẹ pàkúté sí, ibi tí ààlà oko dé. Òun ni baba níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ pé òun ló tẹ àbà dó. Ó lè jẹ́ pé òun náà bá ẹlòmíràn níbẹ̀ ni. "Bá" ni ọ̀rọ̀ tó gbé òwe yẹn ró, ẹnu ẹni tó dé lẹ́yìn la sì ti ń gbọ́ ọ.

Ọdún 1948 ni wọ́n bí Barrister. Nígbà tó wà lọ́mọdé, àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ti ń lu wéré kiri àdúgbò lóru àwẹ̀, wọ́n ń jí àwọn èèyàn fún sààrì. Ibẹ̀ lòun náà ti bẹ̀rẹ̀ orin. Lábà wéré, òun ló bá àwọn àgbà.

Kí ló wá sọ ọ́ di baba? Wéré ní àsìkò tirẹ̀. Tí oṣù ìtúnu àwẹ̀ bá ti yọ, ìlù á sinmi. Barrister, tó ti ṣe ṣọ́jà nígbà ogun abẹ́lé, gbé e kúrò nínú àwẹ̀ lọ sóde àríyá. Ó fi àpàlà, sákárà àti jùjú lù ú pọ̀, ó sì sọ ọ́ lórúkọ. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé àwòrán òkè Fuji ti ilẹ̀ Japan tóun rí ní pápákọ̀ òfuurufú lòun ti mú orúkọ náà. Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ni mo rí i pé àwọn tó ń jiyàn máa ń fò dá. Ẹni tó dìde sọ ọmọ lórúkọ lójú gbogbo ayé ti gbà pé òun ni kí wọ́n wá bi tí ọmọ bá ṣìwà hù.

N'Íbàdàn, Dauda Epo Akara náà yọ tirẹ̀ nínú wéré kan náà, ó pè é ní Awúrebe. Mi ò tíì gbọ́ kẹ́nikẹ́ni fi wéré gba Awúrebe lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ ti Barrister nìkan ni wọ́n fẹ́ gbà?

Ti Kollington Ayinla, olórin fújì mìíràn, ló le díẹ̀. Ẹgbẹ́ ọgbà ni òun àti Barrister, òun ló sì gbé bàtá wọnú fújì, iṣẹ́ ńlá tí mi ò ní gbà kẹ́nì kankan fojú kéré. Òwe àbà kò lè parí ìjà tàwọn méjèèjì, torí kò sẹ́ni tó bá ẹnì kejì lábà nínú wọn.

Ẹnu tí òwe náà ti bá a mu ni ẹnu Wasiu Ayinde, olórin fújì tó dé lẹ́yìn wọn. Òun ló ń bá Barrister kó irinṣẹ́ orin tẹ́lẹ̀, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ láti 1975 sí 1978, kó tó jáde lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, tó sì fi orúkọ ọ̀gá rẹ̀ kún tirẹ̀: Wasiu Ayinde Barrister. Tí ìyẹn bá sọ pé ẹni òun bá lábà ni baba, òótọ́ ló sọ.