Ẹ́jẹ́ǹsì ń gba 500 lórí mi, 400 ni wọ́n ń fún mi: ṣé wọ́n ń rẹ́ mi jẹ ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, ẹ́jẹ́ǹsì kan ló sì fi mí síbi tí mo wà láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. 400 ni owó mi lójúmọ́, wọ́n ń san án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Láìpẹ́ yìí, máníjà ibi iṣẹ́ darí ìméèlì kan sí mi lórí ọ̀rọ̀ mìíràn, kò mọ̀ pé ìwé owó tí ẹ́jẹ́ǹsì kọ sí wọn wà nísàlẹ̀ rẹ̀. 500 ni mo rí níbẹ̀ fún ọjọ́ kan. Orí mi gbóná. Ìwé àdéhùn mi sì ní n kò gbọdọ̀ bá oníbàárà, ìyẹn iléeṣẹ́ tí wọ́n fi mí sí, sọ̀rọ̀ nípa iye tí mò ń gbà. Ṣé wọ́n ń rẹ́ mi jẹ ni? Ṣé mo lè bi wọ́n? Ṣé mo lè fi wọ́n sílẹ̀ kí n máa bá oníbàárà ṣe tààrà?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́. Mo ti jókòó sí òdìkejì tábìlì yẹn, lọ́dọ̀ ẹ́jẹ́ǹsì, fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó di ẹni tó ń gba àwọn agbaṣẹ́ṣe nímọ̀ràn, nítorí náà ẹ jẹ́ ká tú 100 yẹn wò.

Ohun tó ń mú orí ènìyàn gbóná ni pé a máa ń ka ẹ́jẹ́ǹsì sí alárenà, ẹni tó múni mọ ibi iṣẹ́, tó yẹ kó gba làdà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó máa bá tirẹ̀ lọ. Nínú irú iṣẹ́ yín, alágbàtà ni wọ́n. Wọ́n ra ọjọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ yín ní 400, wọ́n tà á ní 500. Àdéhùn méjì ló wà nílẹ̀, ọ̀kan péré lẹ sì fọwọ́ sí. Òfin Bìrìtéènì ti ọdún 1973 tilẹ̀ ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, orúkọ ọ̀tọ̀ ló fún ẹni tó ń báni wáṣẹ́, ọ̀tọ̀ ló fún ẹni tó ń fi òṣìṣẹ́ ránṣẹ́ sọ́dọ̀ oníbàárà. Ohun tí wọ́n kò gbọdọ̀ ṣe ni pé kí wọ́n bu owó lé yín lórí kí ẹ tó ríṣẹ́. Àdéhùn 181 ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 1997, ló kọ̀ ọ́, àyàfi níwọ̀nba ibi tí ìjọba bá ti yọ̀ǹda. Bí wọ́n bá gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ yín, ẹ kígbe. Èrè alágbàtà kò sí lára ohun tí àdéhùn yẹn kọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ́jẹ́ǹsì kan lè sọ pé ìdá 20 lòun ń jẹ, òmíràn á ní ìdá 25, kí owó méjèèjì sì jẹ́ bákan náà. 100 nínú 500 tí oníbàárà san jẹ́ ìdá 20. 100 yẹn kan náà lórí 400 tiyín jẹ́ ìdá 25. Iye owó ni kí ẹ béèrè.

Níbo wá ni 100 ń wọlé sí? Apá kan ni owó ìdúró, èyí tí àwọn agbaṣẹ́ṣe kì í sábà rò. Ọ̀sẹ̀ kan yín jẹ́ 2,000. Bí oníbàárà bá ń san tirẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 60, ẹ́jẹ́ǹsì á ti san ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ fún yín kí kọ́bọ̀ tó wọlé, 16,000 lórí ẹnì kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń yá owó yẹn, èlé rẹ̀ sì ń gorí. Lẹ́yìn ìyẹn ni owó ìbánigbófò, kọmíṣọ́n ẹni tó wá yín rí, àti owó ọ̀pọ̀ wákàtí tí wọ́n fi wá àwọn tí oníbàárà kò mú. Ní àwọn iléeṣẹ́ ńlá, ẹlòmíràn tún lè jókòó sáàárín, kó gé tirẹ̀ náà. Tiyín kò jọ bẹ́ẹ̀, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ẹ́jẹ́ǹsì yín ló kọ ìwé owó náà.

Ìdá 20 ní oṣù àkọ́kọ́ kò bí mi nínú. Ìdá 20 ní oṣù kẹjọ, nígbà tí ẹni tó wá yín rí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé orúkọ yín, ìyẹn ló ṣeé ná.

Ọ̀rọ̀ àṣírí ńkọ́? Kí n sọ òtítọ́, ara wọn ni wọ́n ń fi dáàbò bò. Bí oníbàárà bá mọ̀ pé 400 lẹ ń gbà, kò ní sọ pé kí wọ́n fún yín ní 450. Á pe ẹ́jẹ́ǹsì pé kí wọ́n gba 460. Ẹ má sì gbójú lé òfin jù níbí. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1935 fún òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti bá ara wọn sọ̀rọ̀ owó, ṣùgbọ́n àtúnṣe ọdún 1947 yọ agbaṣẹ́ṣe tó dá dúró kúrò nínú rẹ̀. Ní Bìrìtéènì, òfin ọdún 2010 kò jẹ́ kí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ múlẹ̀ lórí ẹni tó ń béèrè owó ẹlòmíràn láti mọ̀ bóyá wọ́n ń ṣe ẹ̀tanú sí òun, bóyá nítorí pé obìnrin ni tàbí nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tiyín kò sí nínú méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Bíbá oníbàárà sọ̀rọ̀ ló kà léèwọ̀. N kò tíì rí ìwé àdéhùn kan tó ní ẹ kò gbọdọ̀ bi ẹ́jẹ́ǹsì fúnra rẹ̀.

Ìwé owó tí ẹ rí yẹn, ẹ kò jí i. Síbẹ̀, ẹ má darí rẹ̀ sẹ́nikẹ́ni, ẹ má sì dárúkọ 500 fún wọn. Ẹnì kan wà tí mo ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà, ó ya fọ́tò irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí mi lóru, ó ní ká ṣàlàyé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, máníjà tó ṣèèṣì fi í ránṣẹ́ ti ń dáhùn ìbéèrè lọ́wọ́ ọ̀gá tirẹ̀. Nígbà tí àdéhùn ọkùnrin náà parí, máníjà yẹn kan náà ni kò fẹ́ kí wọ́n tún un ṣe. Owó tó ń jà fún tọ́ sí i o.

Ẹ dúró di nǹkan bí oṣù kan sí ìgbà tí àdéhùn yín máa parí, kí ẹ wá kọ irú èyí:

“Ẹ kú iṣẹ́. Àdéhùn mi ń parí lọ, wọ́n sì fẹ́ kí n dúró. 430 lójúmọ́ ni mo fẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ àdéhùn tuntun. Ẹ jọ̀ọ́, èló lẹ ń mú lórí iṣẹ́ mi, kí n lè mọ ibi tí ààyè wà?”

430 ṣì fi 70 sílẹ̀ fún wọn, ìdá 14 nínú 500. Wọ́n lè kọ̀ láti sọ iye náà, ẹ̀tọ́ wọn ni níbi púpọ̀. Ẹni tó bá kọ̀ láti sọ ọ́ sábà máa ń wá nǹkan fi kún un kí ọ̀rọ̀ lè tán. Bí wọ́n bá gbà, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí oníbàárà bá fowó kún un, tiyín náà á gòkè.

Ní ti bíbá oníbàárà ṣe tààrà, ẹ má tíì dán an wò. Àdéhùn yín lè ní kí ẹ dúró oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan, oníbàárà náà sì lè ti fọwọ́ sí i pé òun á san owó ńlá bí òun bá gbà yín sọ́dọ̀ ara òun. Tó bá jẹ́ Bìrìtéènì lẹ ti ń ṣiṣẹ́, ìlànà ọdún 2003 fi òdiwọ̀n sí owó yẹn: wọn kò lè gbà á mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 14 láti ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ tàbí ọ̀sẹ̀ 8 lẹ́yìn tó parí, èyí tó bá pẹ́ jù nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n agbaṣẹ́ṣe tó ń lo kọ́ńpìnnì tirẹ̀ lè fọwọ́ sí i pé òun yọ ara òun kúrò lábẹ́ ìlànà náà, ọ̀pọ̀ ló sì ń fọwọ́ sí i láìkà á. Ojú ìwé kan péré ló sábà máa ń jẹ́, láàárín àwọn ìwé tí wọ́n kó fún yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá a jáde kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.