Èsì: Bí òjìji ṣe lè rọra ṣú nínú iṣẹ́ airbrush

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ béèrè ìdí tí òjìji tí ẹ ń fi airbrush (irinṣẹ́ tó ń fi afẹ́fẹ́ fọ́n ọ̀dà) kùn fi ń ní ojú ààlà dípò kí ó rọra ṣú. Lójú tèmi, ọwọ́ tó wà lórí bọ́tìnnì ni ká kọ́kọ́ wò: ẹ tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí gbé ọwọ́ lọ, lẹ́yìn náà ni kí ẹ fà á sẹ́yìn fún ọ̀dà, bí ẹ bá sì fẹ́ dáwọ́ dúró, ẹ dá ọ̀dà dúró ṣáájú afẹ́fẹ́. Ẹ po ọ̀dà kí ó ṣàn bíi mílíìkì, ẹ fi afẹ́fẹ́ sí nǹkan bíi 20 PSI (òṣùwọ̀n agbára afẹ́fẹ́), kí ẹ sì kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ léraléra. Bí ẹ bá jìnnà díẹ̀ sí páálí, etí òjìji yóò rọ̀. Lásìkò ọyẹ́, ọ̀dà olómi tètè ń gbẹ sí ṣóńṣó abẹ́rẹ́ inú airbrush, nítorí náà ẹ máa nù ún.

Èmi kò fara mọ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ fi oríṣiríṣi àwọ̀ bẹ̀rẹ̀. Níwọ̀n bí ẹ ti wà ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ lọ wo àwọn orí amọ̀ sísun ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Ẹnuwá, ẹ ṣàkíyèsí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń dín kù láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé abẹ́ àgbọ̀n, kí ẹ sì fi ọ̀dà dúdú nìkan kùn ún sórí páálí funfun.