Kí o tó bèèrè olè, bèèrè omi

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Owó ilé tí èmi àti ìyàwó mi ń san ti ga ju agbára wa lọ. A wá rí yàrá méjì pẹ̀lú pálọ̀ ní àdúgbò kan tí owó rẹ̀ kò tó ìdajì èyí tí à ń san. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún lọ́dà, gbogbo rẹ̀ ń dán. Àmọ́ ọ̀rẹ́ mi ní ibi tí owó ilé bá ti kéré, olè àti jàǹdùkú ló ń gbé ibẹ̀. Ajẹ́ntì sì ní ká sanwó kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí kí ẹlòmíràn má baà gbà á. Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá àdúgbò náà dára? Ṣé òótọ́ sì ni pé òfin ní owó ilé kò gbọdọ̀ ju 30 nínú 100 owó tó ń wọlé fúnni lọ?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹ kú wàhálà ilé wíwá. Irú ìbéèrè yìí ti wọlé sọ́dọ̀ mi débi pé mo ti mọ̀ ọ́n sórí. Olè ṣáá ni gbogbo yín ń bèèrè. Ìwọ fi olè ṣe ohun ẹ̀rù, o fi ọ̀dà tó ń dán ṣe ohun ìyìn. Ká ní èmi ni, ọ̀dà yẹn gan-an ló máa kọ́kọ́ fu mí lára. Iṣẹ́ mi ni láti máa yẹ ilé wò kí ẹni tó fẹ́ gbà á tó sanwó. Nínú àwọn tó wá bá mi lẹ́yìn tí wọ́n ti kó wọlé tán tí wọ́n tún fẹ́ kó jáde, ìwọ̀nba ni olè lé. Omi ló lé àwọn tó kù.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ. Owó ilé kì í sábà kéré nítorí pé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kì í ṣe ọmọlúàbí. Ó lè kéré nítorí pé ibẹ̀ jìnnà síbi iṣẹ́, tàbí pé ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀, tàbí pé ilé ti gbó, tàbí pé ọ̀nà tó dára àti omi ẹ̀rọ kò tíì débẹ̀. Ọ̀rọ̀ pé ibi tó jìnnà ni owó ti ń wálẹ̀ kì í ṣe ọgbọ́n tuntun. Ọmọ Jámánì kan tó jẹ́ àgbẹ̀, Johann Heinrich von Thünen, ti ṣàlàyé rẹ̀ láti ọdún 1826: bí ilẹ̀ bá ṣe jìnnà sí ọjà tó ni owó tí wọ́n ń san lórí rẹ̀ ṣe ń dínkù, nítorí pé owó ìkẹ́rù lọ sọ́jà ti jẹ nínú èrè. Bọ́rọ̀ ayálégbé náà ṣe rí nìyẹn. Owó tí onílé kò gbà lọ́wọ́ rẹ, awakọ̀ lè máa gbà á díẹ̀díẹ̀ láràárọ̀, lálaalẹ́. Torí náà, wọkọ̀ láti àdúgbò yẹn lọ síbi iṣẹ́ rẹ lọ́jọ́ iṣẹ́, ní àkókò tí wàá máa jáde gan-an, kì í ṣe ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tí ọ̀nà dá. Kí ìyàwó rẹ náà ṣe bẹ́ẹ̀.

N kò sọ pé kò sí àdúgbò tó léwu o. Ó wà. Àmọ́ iye owó ilé kọ́ lo fi máa mọ̀ ọ́n. Lọ síbẹ̀ lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú, wo bóyá àwọn obìnrin ṣì ń dá rìn, bóyá àwọn ìsọ̀ ṣì ṣí sílẹ̀. Ìyẹn á sọ fún ọ ju ẹnu ọ̀rẹ́ tí kò gbé ibẹ̀ rí lọ.

Ó yá, ká padà sọ́rọ̀ ògiri, torí ibẹ̀ ni owó àwọn èèyàn ń wọlẹ̀ sí. Èrò tó wà lọ́kàn wọn ni pé tí ògiri bá ti bu tẹ́lẹ̀, tí onílé wá kùn ún, ó ti tún un ṣe nìyẹn. Irọ́ ni! Ọ̀dà kì í lé omi. Aṣọ lásán ni wọ́n wọ̀ fún un, omi ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, yóò sì jáde. Tó bá jẹ́ ọ̀dà olóròóró ni wọ́n fi kùn ún, ó tún burú díẹ̀ sí i, torí omi tó yẹ kó rọra gbẹ kúrò lára ògiri kò ní rí ọ̀nà jáde. Yóò gbé ọ̀dà náà wú bí ẹni tí iná jó lára.

Ohun tó yẹ kí o bèèrè ni ibi tí omi ti ń wá, torí ibi tó ti ń wá ló máa sọ bóyá ilé náà ṣeé gbé. Omi tó ń wá láti ìsàlẹ̀, inú ilẹ̀ ló ti ń gun ògiri bọ̀, bí epo ṣe ń gun òwú àtùpà. Kì í sábà ga ju nǹkan bíi mítà kan sí ọ̀kan àbọ̀ lọ. Á fi ìlà wúruwùru sílẹ̀ lára ògiri, ẹ̀fun funfun á sì máa yọ níbẹ̀. Iyọ̀ inú ilẹ̀ ni, omi ló gbé e gòkè tó sì fi í sílẹ̀ nígbà tó gbẹ. Fi egungun ìka kan ògiri níbẹ̀. Bó bá ń dún bí igbá òfìfo, símẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ ti kúrò lára búlọ́ọ̀kù. Omi tó ń wá láti òkè yàtọ̀: àmì aláwọ̀ ilẹ̀ tó rí roboto lára àjà ló máa ń fi hàn. Èyí rọrùn láti tún ṣe bí onílé bá fẹ́, torí ó lè jẹ́ páànù kan tó lu ló fà á. Èébu dúdú tó wà ní kọ̀rọ̀ òkè yàrá tàbí lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, afẹ́fẹ́ tí kò ráyè wọlé ló sábà máa ń fà á: èémí wa, omi ìwẹ̀ àti oru oúnjẹ tó ń sè ló lẹ̀ mọ́ ògiri tó tutù. Fèrèsé ṣíṣí lè ṣẹ́gun ìyẹn.

Èyí tí kò sí àtúnṣe fún ayálégbé ni àgbàrá tó ń wọ ilé. Àmì tirẹ̀ kì í ga níhìn-ín kó rẹlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìlà kan ṣoṣo ló máa ń jẹ́, tó dọ́gba yíká gbogbo ògiri. Onílé lè kun inú ilé, ṣùgbọ́n kò ní kun ti aládùúgbò, torí náà wo fẹ́ǹsì ilé kejì. Wo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn onípákó bóyá ó ti wú tàbí ó ti jẹrà. Wo ẹnu ọ̀nà àwọn ilé tó yí i ká: tí gbogbo wọn bá to búlọ́ọ̀kù sẹ́nu ọ̀nà, tí ihò iná wọn sì ga lára ògiri ju bó ṣe yẹ lọ, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n ń ṣe. Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un.

Má sì bi ará àdúgbò pé, "Ṣé omi máa ń wọlé níbí?" Kò sẹ́ni tó fẹ́ ba ọjà onílé jẹ́, wọ́n á ní rárá. Bi wọ́n pé, "Ìgbà wo ni omi wọlé gbẹ̀yìn?" Wọ́n á kọ́kọ́ wo ara wọn lójú, lẹ́yìn náà ẹnìkan á dá ọ lóhùn.

Àwọn kan á ní kí o fi bílíìṣì fọ èébu náà, kò ní padà wá. Ojú rẹ̀ lo fọ̀. Èébu lè bẹ̀rẹ̀ sí í hù láàárín wákàtí 24 sí 48 tí nǹkan bá ti wà ní tútù. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì ń wá, òun náà ń bọ̀. Bí o bá tilẹ̀ máa lo bílíìṣì, má pò ó mọ́ ammonia (kẹ́míkà olóòórùn líle tó wà nínú àwọn ohun ìfọlé kan) tàbí oògùn tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbẹ́ láé, afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ lè pa èèyàn. N kì í ṣe dókítà, mi ò lè sọ ohun tí yóò ṣe ìwọ àti ìyàwó rẹ. Ṣùgbọ́n àjọ ìlera àgbáyé ti sọ ọ́ nínú ìwé ìlànà tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2009 pé ilé tó ní ọ̀rinrin àti èébu máa ń dá kún ikọ́ àti ikọ́ fée. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá ń retí ọmọ, ẹ fi ìyẹn kún ìṣirò yín.

Ní ti 30 nínú 100, kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀ tó de gbogbo ayé. Amẹ́ríkà ló ti wá. Lọ́dún 1969, aṣòfin kan níbẹ̀, Edward Brooke, ló fà á tí wọ́n fi sọ pé àwọn tó ń gbé ilé ìjọba kò ní san ju 25 nínú 100 owó tó ń wọlé fún wọn. Lọ́dún 1981 ni wọ́n gbé e dé 30. Ilé ìjọba ni wọ́n ṣe é fún, tiwọn sì ni. Kò ka owó ọkọ̀, kò sì mọ̀ bóyá 70 tó kù máa tó ọ jẹun. Ro owó ilé, owó ọkọ̀ àti owó omi tí wàá máa rà pọ̀, kí o wá fi wé èyí tí ò ń ná níbi tí o wà báyìí.

Ajẹ́ntì tó ń lé ọ kiri yẹn ńkọ́? Bi í pé ta ló ni ilé, kí o sì rí onítọ̀hún lójúkojú. Àwọn ajẹ́ntì kan máa ń gba owó ilé kan náà lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta. Má sanwó láìgba ìwé ẹ̀rí, má fọwọ́ sí ìwé tí o kò kà. Òfin ilé yíyá yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú, nítorí náà agbẹjọ́rò tó wà nítòsí rẹ ni kó bá ọ wò ó, kì í ṣe èmi tí mi ò rí ilé náà. Kí o tó kó ẹrù kankan wọlé, ya fọ́tò gbogbo ògiri, kí onílé má baà sọ lọ́la pé ìwọ lo bà á jẹ́.

Ó di ẹ̀yìn òjò ńlá kan kí o tó padà lọ wò ó. Bí ajẹ́ntì bá ní òun ò lè dúró de òjò, jẹ́ kó máa lọ. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀ tí ògiri gbẹ, tí owó ọkọ̀ kò sì jẹ èrè rẹ tán, sanwó, kí ẹ kó wọlé. Ọ̀rẹ́ rẹ yẹn á wá kí yín, á sì bèèrè bóyá yàrá kan ṣì ṣófo.