Ṣé òòfà (gravity) la ò tíì mọ̀ dáadáa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní agbára òkùnkùn (dark energy), ohun kan tí a ò tíì mọ bó ṣe jẹ́, ló ń mú kí àgbáálá ayé máa fẹ̀ kíákíá sí i. Ṣé kì í ṣe ìlànà òòfà Einstein ló yẹ ká tún ṣe?

Ìdáhùn: Ìbéèrè gidi ni. Àtúnṣe pọ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n 17 Oṣù Kẹjọ 2017 gbá púpọ̀ nínú wọn dànù. Lọ́jọ́ náà, LIGO àti Virgo, àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìgbì òòfà, gba irú ìgbì bẹ́ẹ̀ láti ara ìràwọ̀ neutron méjì (òkú ìràwọ̀ tó ki gan-an) tó kọlu ara wọn nínú agbo ìràwọ̀ NGC 4993. Ìṣẹ́jú àáyá 1.7 lẹ́yìn náà, sátẹ́láìtì Fermi rí ìtànṣán gámà, irú ìmọ́lẹ̀ kan, láti ibẹ̀ kan náà. Ìrìn nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 130, ìyàtọ̀ ò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì! Àtúnṣe tó bá ní eré òòfà yàtọ̀ sí ti ìmọ́lẹ̀ ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn àtúnṣe náà, tí wọ́n ń pè ní f(R), ṣì wà, torí kò fọwọ́ kan eré ìgbì. Àmọ́ ó lè fi ìdá kan nínú mẹ́ta kún agbára òòfà, ìyípo àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ò sì fi irú ẹ̀ hàn. Àfi kí àfikún náà fara pamọ́ níbi tí nǹkan bá ti ki. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ alágẹmọ. Bí àyẹ̀wò sì ti ń fún un pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ló ń jọ agbára òkùnkùn fúnra rẹ̀.