Akọ̀ròyìn Tó Ń Wádìí Ikú

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo ra ìwé ìtàn ọ̀daràn àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ bíi mẹ́ta lọ́wọ́ oníwèé àlòkù kan ní Ìgbọ̀nà. Nínú gbogbo wọn, akọ̀ròyìn ló ń tú àṣírí apààyàn. Ṣé ó ṣeé ṣe lóòótọ́, àbí àsọdùn ni? Èwo ni kí n kà tẹ̀ lé e? Olùkà yín ní Òkè-Fìà, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, àsọdùn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó kọ ọ́ mọ iṣẹ́ ìròyìn dunjú. Edgar Wallace ti ròyìn ogun ní South Africa kí òkìkí ìwé rẹ̀ tó kàn. Ìwé ìròyìn ni E. C. Bentley náà ń bá ṣiṣẹ́ ní London. Bẹ́ẹ̀ sì ni lọ́dọ̀ wọn, bí ikú bá mú ìfura dání, gbangba ni wọ́n ti ń wádìí rẹ̀, akọ̀ròyìn á wà níjòókòó. Èmi tí mo ti fi bírò jókòó sí kóòtù l'Òṣogbo níbí mọ̀ pé ẹni tó bá tẹ́tí dáadáa á gbọ́ ohun tí lọ́yà méjèèjì fò dá.

Wá Trent's Last Case ti Bentley, tó jáde ní 1913. Wọ́n yìnbọn pa Manderson, olówó ará Amẹ́ríkà kan. Olóòtú ìwé ìròyìn kan bá rán Philip Trent lọ síbẹ̀. Ayàwòrán ni Trent, ojú rẹ̀ mú. Òkú náà wọṣọ, ó wọ bàtà, àmọ́ eyín àtọwọ́dá rẹ̀ ṣì wà nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ta ló ń múra jáde tó ń gbàgbé eyín? Bàtà ọ̀hún náà tún ti ya díẹ̀, bí ìgbà tí ẹsẹ̀ tó tóbi jù ú lọ wọ inú rẹ̀.

Ibi tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara ni pé Trent kọ ìròyìn rẹ̀ tán, kò fi ránṣẹ́. Ó gbé àpòòwé náà lé opó olóògbé lọ́wọ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Mi ò ní sọ ìdí rẹ̀ fún ọ. Ọlọ́pàá tó bá ti mọ ẹni tó ṣe é, kó mú un ló kù. Akọ̀ròyìn ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ bóyá kí òun tẹ̀ ẹ́ jáde, torí orúkọ tó bá ti wọ ìwé ìròyìn, kò sẹ́ni tó lè pa á rẹ́ mọ́. Ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ràn ìwé yìí ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn rẹ̀, wá Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kà, kí o lè fi Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wé Trent. Kọ̀wé sí mi tí o bá kà á tán.